Ohùn Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ka Ìtàn Ìfẹ́ Yorùbá?

Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́ tí ó ń lọ sí Ọ̀kà kò ní gbà kí awakọ̀ já òun sí oko ọkà, áńbọ̀sì kí ó já òun sí ẹnu ọká. Ìlú ni èkíní, oúnjẹ ni èkejì, ejò olóró ni ẹ̀kẹta. Ohùn nìkan ni ó pààlà sí wọn. Ọmọ Àkókó mọ èyí kí ó tó dé ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìwé àfetígbọ́, ó jọ pé òkìkí òǹkàwé ni àwọn tí ó ń yan òǹkàwé ń wò, wọn kì í wo ohùn.

Àpẹẹrẹ kan tó. Ní 2017 ni Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé ìwé Stay With Me jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ìfẹ́ ni. Yéjídé àti Akin pàdé ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì ń gbé Iléṣà. Àìrọ́mọbí, ìyàwó kejì àti irọ́ tú ilé náà ká. Ní 2008, ìsìnkú baba Akin tún mú kí wọ́n fojú kanra. Orúkọ ọmọ wọn, Rótìmí, ni àkọlé ìwé náà dúró lé: dúró tì mí. Bí a bá gbé 'tì' sókè, ó di 'tí'. Bí a bá fi í sí àárín, ó di 'ti'. Ẹ̀bẹ̀ ìyá náà sì ti sọ nù.

Adjoa Andoh, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, ni ó ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a jà pé èdè tí a kò fi tọ́ ọ kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ta ni ó yẹ kí a bẹ̀ níṣẹ́ nígbà tí orúkọ, oríkì àti àlọ́ Olúrónbí bá wà nínú ìtàn?

Àwọn kan yóò ní olókìkí ni ó ń mú ìwé tà. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ewì Ọlánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tà lórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì, títí kan ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ìwé kà. Ohùn wọn ni ó sọ wọ́n di olókìkí.

Ẹ̀bi tí ó wúwo jù wà nílé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé ìtàn-àròsọ láìka ojú ewé kan sókè. Olùkọ́ ń pe kókó-ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́. Olùdánwò ń fi àmì sórí ohùn tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ní Àkókó, níbi tí ọmọ kan ti ń sọ Àrìgìdì nílé, tí èkejì ń sọ Ukaan, tí ẹ̀kẹta ń sọ Akpes, Yorùbá àjùmọ̀lò ni gbogbo wọn fi ń ṣe ìdánwò. Níbo ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ bí olùkọ́ bá dákẹ́?

Wọn a tún ní ìwé àfetígbọ́ ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Bí ìwé bá ṣí sílẹ̀ níwájú ọmọ tí ó ń tẹ́tí, ojú àti etí jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Kí olùkọ́ gba ojú ewé kan sílẹ̀ sínú fóònù lọ́sẹ̀, kí kíláàsì gbọ́ ọ, kí wọ́n kà á tẹ̀lé e. Kí àwọn tí ó ń tẹ ìwé ìdánwò sì bẹ ẹni tí ohùn Yorùbá dá lẹ́nu rẹ̀ kí ó kà á sínú ẹ̀rọ.

Yéjídé àti Akin rí ìgbà kejì fojú kanra. Èdè tí kò bá sí lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ kì í sábàá rí irú rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá kàwé sókè fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá àlejò wíjọ́.