ILÉ ÀTI IṢẸ́: Ẹ̀kọ́ Lára Agboòrùn Aláwọ̀ Ìyeyè

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń tún fóònù ṣe tàbí tí ń ta kọ̀ǹpútà ni ó ń rò ó bóyá kí ẹ tẹ orúkọ iṣẹ́ yín sára fìlà, ike tàbí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì máa pín in. Owó tí ẹ ó fi ṣe é lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀wò.

Ẹ rántí ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, bí 400,000 péré ni ìlà fóònù ní orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. N50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan. Ohun tí MTN ń tà kò ṣeé fojú rí, kò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Kí ni ó mú un mọ́ ìyá àgbà lójú? Agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè létí títì wà lára rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí ń ta ìpè àti káàdì jókòó sí. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá mọ̀ pé níbi tí àwọ̀ yẹn bá wà, òun lè bá ọmọ òun l'Ékòó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ láti South Africa ṣe di ará àdúgbò.

Kí ni a rí kọ́?

Èkíní, ohun náà wúlò. Oòrùn ń mú, òjò ń rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ike tó nípọn tí a pín níbi ìnáwó a máa pẹ́ nílé ìdáná, ṣùgbọ́n èyí tó fọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó pín in ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, ọwọ́ ẹni tí oníbàárà ń gbà kọjá ni ó wà. Ẹ kọ́kọ́ fún ẹni tí ń júwe ṣọ́ọ̀bù yín fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohun púpọ̀. Econet ti 2001 di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó di Airtel ní 2010. Agboòrùn kì í tètè gbó bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kẹjọ 2003, Glo dé, ó sì ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá dípò odidi ìṣẹ́jú. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù náà ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Agboòrùn a máa múni mọ ẹni, ṣùgbọ́n kò lè bo ọjà tó wọ́n jù mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má yá owó ṣe é. Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún péré: aṣọ pélébé tí a fi ń nu ojú fóònù, kí nọ́ńbà yín wà lára rẹ̀. Ẹ máa bi oníbàárà tuntun pé ta ló júwe yín. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí i, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ fi owó náà ra irinṣẹ́. Fóònù tí ẹ tún ṣe tí kò bàjẹ́ mọ́, òun gan-an ni ẹ̀bùn tí oníbàárà kò ní gbàgbé.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.