Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó fún Lọ́yà

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní Òkè Ọya! Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ láàárín àwùjọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, aṣọ ni ó ń tà. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò lè gbé pọ̀ mọ́, tí àwọn ẹbí sì ti bá wọn sọ ọ́ títí tí kò lójú, ìyá náà tọ lọ́yà kan lọ pé kí ó bá òun gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Lọ́yà gba ₦150,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kò fún un ní rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ó gba owó ìwé, ó gba owó ọkọ̀, ó tún gba owó tí kò lórúkọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìyá yìí fi ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ sí Kóòtù Gíga. Bí wọn kò bá sún ẹjọ́ síwájú, lọ́yà fúnra rẹ̀ ni kò ní wá. Nígbẹ̀yìn, adájọ́ da ìwé ẹjọ́ náà nù, nítorí pé ìgbéyàwó ìdáàna ni tiwọn, òfin tí lọ́yà fi pe ẹjọ́ kò sì kan irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá béèrè owó rẹ̀, lọ́yà ní owó iṣẹ́ òun ni òun jẹ. Owó ọjà ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni títí di òní, aya ọkùnrin náà ni ó ṣì jẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tí ó wá lọ ni ó rí, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. A kò fara mọ́ èyí. Òfin gba ènìyàn láàyè láti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀. Kò sì sí òfin tí ó ní kí a rẹ́ ẹni náà jẹ. Àwọn mìíràn ń sọ pé olè ni gbogbo lọ́yà. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Àìmọ̀ wa ni lọ́yà burúkú fi ń ṣòwò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ èyí: ibi tí a gbé so ìgbéyàwó ni ó ń sọ ibi tí a ó gbé tú u. Ìgbéyàwó alárédè tí ó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, Kóòtù Gíga ni tirẹ̀, lábẹ́ òfin ọdún 1970. Bí kò bá tíì pé ọdún 2 tí a ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí kóòtù kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Ìgbéyàwó ìdáàna nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni a ń gbé e lọ. Èyí tí àáfà so yìgì rẹ̀, kóòtù Ṣàríà ni. Ní kóòtù ìbílẹ̀, ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ rẹ̀ láìgba lọ́yà rárá.

Ní ti owó, òfin àwọn lọ́yà ti ọdún 1975 wí pé lọ́yà kò lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ àfi bí ó bá ti kọ ìṣirò owó náà sínú ìwé fún un, tí oṣù kan sì ti kọjá. Bí ìṣirò náà bá pọ̀ jù, a lè ní kí kóòtù yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, N.B.A.; ìgbìmọ̀ kan sì wà tí ó lè yọ orúkọ lọ́yà kúrò nínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, FIDA, tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1964, a sì máa ran obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbá wa nìyí: kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ó lè pa àṣírí mọ́. Kí ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ ìgbéyàwó máa kọ́kọ́ tọ̀ wọ́n lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Kí wọ́n bi í léèrè irú ìgbéyàwó tí ó ṣe, kí wọ́n bá a dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, kí wọ́n rí i pé owó gba inú ìwé kọjá, kí ẹni tí ó gbọ́ Hausa dáadáa sì bá a dé kóòtù.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣàìsàn, a ń dáwó fún un. Bí ó bá kú, a ń gbé e relé. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ túká náà ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a rìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.