Ẹ Má Fi Ọkọ̀ Àgbà Ṣe Pàǹtí

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin ni mo ń pa á fún, ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí Peugeot 504 mi lójú títì, tí ẹ ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe tà á fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù?" N kò ní tà á. Ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ wá. Àwa la ṣẹ̀ ẹ́.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó, títí kan èyí tí à ń pè ní Ìjàpá. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló gbé wọn. Ìjàpá àtijọ́ tó gbẹ̀yìn láyé jáde ní Mẹ́síkò ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 21. Ní Jámánì, bí ọkọ̀ bá ti pé 30 ọdún tí ara rẹ̀ sì le, ó lè gba nọ́ńbà tó ní lẹ́tà H nídìí, kí ayé mọ̀ pé àgbà ni. Níhìn-ín ńkọ́? Ayùn la fi ń gé e, ká fi kílò tà á.

Ẹ bá mi dé Ládípò ní Mushin, kí ẹ wo ohun tí ojú ẹni tó ń wá páátì ń rí. Oríṣi mẹ́ta ni wọn yóò gbé síwájú yín. Èkíní ni ojúlówó, tó ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Èkejì ni èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun, tí à ń pè ní Bẹ́líjíọ́ọ̀mù. Èyí sàn, bí ojú yín bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹ̀kẹta ni ayédèrú inú páálí tuntun. Oníṣòwò kan ta rọ́bà bíréèkì fún mi, ó tún búra lé e. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, epo bíréèkì ti mú un wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì mi tó tètè rí i. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ta ayédèrú bíréèkì kò ta páátì, pósí ló tà.

Ta ló wá sọ ojúlówó di ọ̀wọ́n? Àwa náà ni. Bí bàbá kan bá kú, kí wọ́n tó ṣe ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ ti pe oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Jíà tó ṣì ń wọlé geere, kábúrétọ̀, iná iwájú, ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ á bá irin lọ sínú iná. Ohun tí mo ń wá kiri Èkó fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n yọ́ yẹn!

Àwọn kan á ní ọkọ̀ àgbà ń rú èéfín. Òótọ́ ni, òmíràn ń rú u. Ṣùgbọ́n òrùka písítìnì tó ti jẹ, tí a kò rí ojúlówó fi pààrọ̀ rẹ̀, ló sábà ń fà á, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Tòkunbọ̀ tí ẹ fi ń yangàn ńkọ́, ṣé ọmọ ìkókó ni? Bó pẹ́ bó yá, ẹ̀yin náà á wá páátì tirẹ̀ tì.

N kò sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ tó ti dípẹtà padà sójú títì. Èyí tí ara rẹ̀ ti jẹrà, ẹ tú u, ẹ má yọ́ ọ. Ẹ to páátì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tà á fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú ọkọ̀ kan náà, ẹ para pọ̀: ohun tí ẹnì kan kò lè rà láti òkèèrè, ogún ènìyàn lè dáwó rà á. Ẹ̀yin ìjọba tí ẹ ń dá wa dúró lójú títì nítorí ìwé ọkọ̀, ẹ lọ dá páálí ayédèrú dúró ní wáàfù.

Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú yíyọ́ ohun tí a ó tún fi omijé wá lọ́la.