Ohun tí Rẹ́ Kò Sọ: Ọ̀rọ̀ Ìperí àti Ògiri Balùwẹ̀

Nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí, ohun tí ó sábà máa ń fa àríyànjiyàn ni bóyá kí a yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè mìíràn tàbí kí a ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè kan wà tí ó ṣíwájú èyí: ǹjẹ́ ààlà ọ̀rọ̀ bá ààlà ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí mu? Bí kò bá bá a mu, àti ọ̀rọ̀ àyálò àti ọ̀rọ̀ àbáláyé ni yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni iṣẹ́ mímú ògiri balùwẹ̀ tí a ti rẹ́ gbaradì fún táìsì.

Rẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó jẹ́ pé amọ̀ ni a fi ń mọlé, amọ̀ tí a pò ni a tún fi ń rẹ́ ògiri kí ó lè dán. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: iyanrìn àti sìmẹ́ńtì tí a fi omi pò ni bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ ń pè é ní pílásítà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni rẹ́ ń sọ. Kò sọ ohun tí a fi rẹ́ ògiri. Èyí kò fa ìdàrúdàpọ̀ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí sìmẹ́ńtì ti wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, jípsọ̀mù ni ó wọ́pọ̀ fún rírẹ́ ògiri inú ilé. Píópì tí a fi ń ṣe àjà ní Nàìjíríà, tí a sì tún fi ń mú ojú ògiri tẹ́jú, jípsọ̀mù náà ni.

Ìwà àwọn ohun méjèèjì yìí yàtọ̀ síra gidigidi:

(i) Sìmẹ́ńtì tí ó ti le kì í dẹ̀ nítorí pé omi kàn án. Jípsọ̀mù a máa yòrò díẹ̀díẹ̀, a sì máa dẹ̀ bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin.

(ii) Ẹrù tí a gbà pé ògiri jípsọ̀mù lè gbé kò ju nǹkan bí kílógíráàmù 20 lọ lórí ibi tí òró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èròjà tí a fi lẹ táìsì. Òkúta mábù tí ó nípọn tó mìlímítà 10 nìkan tó kílógíráàmù 27.

(iii) Bí ọ̀rinrin bá wà láàárín jípsọ̀mù àti èròjà ìlẹ̀mọ́ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe, súlífétì inú jípsọ̀mù a máa bá àlúmínéètì inú sìmẹ́ńtì da pọ̀ di ettringite, horo tí ó ń wú, tí ó sì ń ti táìsì kúrò lára ògiri.

Nítorí irú ìdí báyìí ni ìlànà BS 5385 ti Ìlú Ọba, apá kìíní, tí a tún ṣe ní ọdún 2018, kò fi ka ògiri jípsọ̀mù lásán sí èyí tí ó yẹ fún ibi tí omi ṣáwà ń dà sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbólóhùn yìí: "Ṣá ojú ògiri tí a rẹ́, wọ́n omi sí i, kí o sì lẹ táìsì mọ́ ọn." Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ni a fi rẹ́ ògiri, ìmọ̀ràn tí bíríkìlà mọ̀ dáadáa nìyí. Bí ó bá jẹ́ jípsọ̀mù, ìparun ni. Ṣíṣá yóò fọ́ ojú rẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́. Omi yóò dá ọ̀rinrin padà sí ohun tí ó yẹ kí ó gbẹ. Gbígbá eruku kúrò àti kíkun ohun tí yóò la jípsọ̀mù àti sìmẹ́ńtì láàárín ni ó tọ́ sí i. Atúmọ̀ èdè tí ó kọ gbólóhùn náà kò ṣe àṣìṣe kankan nínú gírámà. Àmọ́ táìsì yóò já bọ́.

Gbẹ pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. A máa ń sọ pé ògiri ti gbẹ nígbà tí kò bá rọ̀ lábẹ́ ìka mọ́. Ní ti jípsọ̀mù, wákàtí díẹ̀ ni èyí ń gbà. Ṣùgbọ́n kí omi tó jáde nínú rẹ̀ tán, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni à ń fún un kí a tó lẹ táìsì. Ó yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ fi le sọ ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi gbẹ sọ ti èkejì nìkan.

Àwọn kan lè sọ pé pílásítà ti tó, nítorí pé òun ni ó wà lẹ́nu oníṣẹ́. Kò sí ẹ̀bi nínú yíyá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá a, ohun méjèèjì ni ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó yá a, àìṣekedere rẹ̀ ni ó yá mọ́ ọn. Ohun tí ó yẹ ni kí a sọ ohun tí a fi rẹ́ ògiri mọ́ orúkọ rẹ̀: àrẹ́mógiri sìmẹ́ńtì àti àrẹ́mógiri jípsọ̀mù. Àkọ́kùn yóò dára fún ohun tí a kọ́kọ́ ń kùn kí èròjà ìlẹ̀mọ́ lè dì mú. Ọ̀dà adómidúró yóò sì dára fún èyí tí kì í jẹ́ kí omi wọ ògiri. Kò yẹ kí a fi orúkọ kan pe méjèèjì, nítorí pé ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, sì pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ náà tọ́ sí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Kí onímọ̀ èdè tó jókòó ti ìwé, kí ó kọ́kọ́ dúró ti bíríkìlà, kí ó bi í léèrè ohun tí ó wà lójú ògiri. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí a fi mọ ọ́n ni wọ́n sọ. Wọn kò dúró lórí pé a mọ ọ́n.