Oúnjẹ Òru àti Agogo Inú Ara



Ta ni ń ṣiṣẹ́ òru nínú yín tí kò mọ bí ikùn ṣe ń rí ní aago 3 òru? Nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ ìfọpo mọ̀ ọ́n. Ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ebi a pa wọ́n, wọn a jẹun, oúnjẹ a sì dúró lórí àyà bí ẹni pé òkúta ni wọ́n gbé mì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oorun kò ní dùn. Àárẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo kan ń bẹ nínú ọpọlọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ní agogo tiwọn, àkókò tí a ń jẹun ló sì ń darí ìwọ̀nyí jù. Ẹni tó bá ń jẹun lóru ń sọ fún ìfun rẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, nígbà tí ọpọlọ ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló tún ń gbé inú ìfun wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ kòkòrò dẹ́rù bà yín: ẹbí wọn ló ń mú ògì kan, tí wọ́n sì ń mú irú, tí àwọn ará Àríwá ń pè ní daddawa, ta sánsán. Wọ́n ń fọ́ ohun tí ara wa kò lè dà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń fi í bọ́ ògiri ìfun. Àwọn náà mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì mú ìgbẹ́ àwọn ènìyàn méjì tí ìrìn-àjò ọkọ̀ òfuurufú ti da oorun wọn rú, wọ́n fi kòkòrò inú rẹ̀ sínú ìfun èkúté tí kò ní kòkòrò kankan. Àwọn èkúté náà sanra, ara wọn kò sì lè kápá ṣúgà mọ́. Ènìyàn méjì péré ni o. Ẹ má sọ ọ́ di òfin.

Èyí tó kàn wá jù ni ìwádìí ọdún 2021 láti Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ènìyàn 19 sí ipò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹun lóru fi ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ti àwọn tó ń jẹun lọ́sàn-án nìkan kò lé. Ọ̀nà àtọ̀gbẹ nìyẹn. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní 2007, ó sì tún un sọ ní 2019, pé ó jọ pé iṣẹ́ òru lè fa jẹjẹrẹ.

Bí a bá jókòó dúnàádúrà, owó òru nìkan la máa ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rí i pé kò tó. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 13, sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí 1. Àdéhùn 171 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1990, ní kí òṣìṣẹ́ òru lè ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún un. Ẹ béèrè kí ilé oúnjẹ ṣí kí ṣíìfù òru tó wọlé, kì í ṣe láàárín òru nìkan.

Nílé, ẹ jẹ oúnjẹ tó nípọn kí ẹ tó jáde. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dára. Láti aago 12 sí aago 5, ìwọ̀nba ni kí ẹ fi kan ẹnu. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ yí àkókò oúnjẹ padà láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka tó kàn, ẹ mú ìwé ètò ṣíìfù ibi iṣẹ́ yín dání, kí ẹ sì kọ aago tí wọ́n ń ṣí ilé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.