Kí Á Tó Fi Owó Àjọ Ra Sienna

Ó ti di àṣà láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Lokogoma pé bí ẹnì kan bá kó àjọ, tí ọmọ sì ti pé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ilé rẹ̀, ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni Toyota Sienna tòkunbọ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ni í gbà. Ìyá àgbà a rí àyè na ẹsẹ̀. Àpò gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí a bá kó bọ̀ láti ilé a sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ọ̀pọ̀ ń ka iye tí wọn yóò rà á, wọn kì í ka iye tí yóò máa jẹ.

Sienna àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2010, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni ó ní, ó sì ń mu nǹkan bí lítà 12 epo bẹntiróò ní 100 kìlómítà. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Lokoja fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà. Lítà 24 nìyẹn. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba ní Àbújà. Ní October 2024 ó ti kọjá 1,000 náírà. Bí a bá tilẹ̀ fi 900 náírà ṣírò rẹ̀, 21,600 náírà ni yóò jó kí a tó fojú kan odò Ọya. Bí ènìyàn méje bá wà nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí 3,100 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà kò lẹ́bi nígbà tí ó bá kún.

Ìgbà tí bàbá nìkan bá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Kí á pe àlọ àti àbọ̀ àárín ìlú ní 40 kìlómítà. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, lítà 6 lè lọ sí i lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, 118,800 náírà nìyẹn lóṣù, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ń di èéfín lọ bẹ́ẹ̀.

Epo nìkan kọ́. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni ó ní, mẹ́ta sì fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ tú nǹkan kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. (Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwa tí a ń kọ èyí san owó iṣẹ́ náà: ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, ó ní òun ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.) Èyí tí wọ́n ṣe títí di 2006, bẹ́líìtì rọ́bà ni ó ń darí inú ẹ́ńjìnnì, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá rìn tó 145,000 kìlómítà, láti 2007 ni ó ti di ṣéènì. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní April 2010, Toyota ké sí Sienna ọdún 1998 sí 2010 padà ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà, nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ń jẹ irin tí ó gbé táyà àfikún dúró. Ọ̀dà tí ń dán kì í sọ ìpínlẹ̀ tí tòkunbọ̀ ti wá.

Ìmọ̀ràn wa ni pé, ẹni tí àjọ rẹ̀ kò bá lè ra ọkọ̀ kí ó sì ṣẹ́ ìdá mẹ́rin kù fún táyà, bẹ́líìtì àti búrẹ́kì, kí ó dúró de àjọ tí ó kàn. Ìyàwó àti ọmọ ni yóò gbé sínú rẹ̀ gba ọ̀nà Lokoja.

Ní ti àwọn tí wọ́n ti ní i, a ń rí yín láàárọ̀, ẹnì kan nínú ìjókòó méje, tí ará ilé kejì sì dúró de bọ́ọ̀sì nínú eruku. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, akọ̀wé yóò ṣí ìwé kan. Kí ọlọ́kọ̀ kọ ibi tí ó ń lọ àti aago tí ó ń jáde. Kí ẹni tí kò ní kọ iye tí ó lè fi kún owó epo. Ti ìrìn-àjò Iléyá àti Kérésìmesì yóò wà ní ojú ewé kejì.