Ìlera Nínú Ilé: Abẹ́rẹ́ Agbára Ọkùnrin

Ẹ̀yin tọkọtaya, inú kóró ẹpọ̀n ni ara ọkùnrin ti ń pèsè ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní testosterone. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní òwúrọ̀, nígbà 2, tí wọ́n rí i pé kò tó, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ kún un ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kì í ṣe oògùn ẹni tí iṣẹ́ oko kàn rẹ̀ o.

Kí ìyàwó má retí àyípadà lọ́jọ́ kejì. Ìfẹ́ sí aya a máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Iṣan a máa le sí i lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4. Ti egungun pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ara a yá gágá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, a sì rọ̀ nígbà tí òmíràn bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní ìwà burúkú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Ọpọlọ ni í rán ẹpọ̀n níṣẹ́. Bí ó bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kún fún oògùn yìí, kò ní ránṣẹ́ mọ́: ẹpọ̀n á súnkì, irúgbìn ọmọ inú àtọ̀ á dínkù, ó tilẹ̀ lè tán. Ọkọ lágbára, aya kò lóyún! Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ dúró, ó lè tó oṣù 6, tàbí ju ọdún kan lọ, kí irúgbìn tó padà. Ẹni tí ó ṣì ń wá ọmọ, kí ó sọ fún oníṣègùn ṣáájú abẹ́rẹ́ kìíní. Oògùn mìíràn wà tí í jí ẹpọ̀n fúnra rẹ̀ sí iṣẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú lè ki jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù 3 sí 6, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.